Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ mọ́: ibi tí àwọn eléré háki ti mú un

Bí ọdẹ bá kú níbí l'Ékìtì, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ á ṣípà fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ohun èlò ìṣọdẹ ẹ̀ á sì jáde síta. Ìyẹn ló wá sí mi lọ́kàn lọ́dún 2018 nígbà tí àǹtí mi tó wà ní Kánádà fi fọ́tò ẹnu ọ̀nà wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, igi tí wọ́n fi ń gbá háki orí yìnyín, ẹyọ kan ṣoṣo, ló dúró ti ògiri, iná ń tàn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ àǹtí mi ò gbá háki rí láyé ẹ̀ o, ọ̀dọ̀ ọmọ aládùúgbò ló ti yá igi yẹn.

April 6 ọdún yẹn ni bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ háki Humboldt Broncos àti tírélà kan forí gbárí ní Saskatchewan, èèyàn 16 kú, 10 nínú wọn eléré, ọmọdé lásán. Káàkiri Kánádà làwọn èèyàn ń gbé igi síta. Èmi tó jẹ́ pé yìnyín tí mo mọ̀ ní Adó ò ju ti inú fìríìsà lọ, mo wá ń tú ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Igi ẹnu ọ̀nà yẹn, ọ̀rọ̀ àná ni. Èyí tó ti pẹ́ ni nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì tí wọ́n máa ń ká kúrò nílẹ̀ torí ẹnì kan. Mo rò pé òkú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àṣé alààyè ni!

December 12, 1933, ẹgbẹ́ háki Toronto Maple Leafs lọ bá ti Boston ṣeré. Ọmọ Toronto kan gbá Eddie Shore ti Boston ṣubú, inú bí Shore, ó wá lọ kọlu Ace Bailey ti Toronto látẹ̀yìn, Bailey tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Orí ló fi balẹ̀. Agbárí ẹ̀ fọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó yè, ṣùgbọ́n háki ti tán fún un.

Nígbà tó di February 14, 1934, wọ́n ṣeré ìkówójọ fún un ní Toronto, ẹgbẹ́ ẹ̀ kojú àṣàyàn eléré láti àwọn ẹgbẹ́ yòókù, 7-3 ni Toronto fi nà wọ́n. Bailey fúnra ẹ̀ ló ń fún àwọn àlejò ní jẹ́sì níkọ̀ọ̀kan, ó wá kan Shore. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bailey nawọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ni ariwo bá sọ. Èmi o, mi ò rò pé mo lè na ọwọ́ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kéde pé kò sí ọmọ Toronto tó tún máa wọ nọ́ńbà 6 tí Bailey ń wọ̀, irú ẹ̀ àkọ́kọ́ nínú NHL, líìgì háki tó ga jù ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló kan òkú gidi. Ẹsẹ̀ Howie Morenz ti Montreal Canadiens kán lẹ́nu eré ní January 28, 1937, kò kúrò ní ọsibítù títí tó fi kú ní March 8. Inú Forum tó ti ń gbá háki gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, èrò rẹpẹtẹ wá dágbére, nọ́ńbà 7 ẹ̀ náà bá a lọ.

Ti Bailey ò tíì tán o. Lọ́dún 1968, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà 6 jáde fún Ron Ellis, torí ó fẹ́ràn bó ṣe ń ṣeré. Nílé wa, ó dìgbà tí bàbá bá kú ká tó sọmọ ní Babátúndé. Bailey ò dúró, ojú ẹ̀ ni Ellis fi wọ̀ ọ́ títí tó fi ṣíwọ́ eré.