Bí wọ́n ṣe ń kọ́ sẹ́ńtà ìwádìí tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ń lò

Tí ìjọba bá ti ní àwọn fẹ́ dá sẹ́ńtà ìwádìí sílẹ̀ fún tẹkinọ́lọ́jì tuntun, orí ilé lọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ dá lé, ilé alájà mẹ́ta, gíláàsì yíká, gómìnà ń gé ríbọ́ọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ ilé ló rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, kó wo ètò ACE, ìyẹn ètò sẹ́ńtà ìwádìí ní àwọn yunifásítì Áfíríkà, tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 2014, òun náà ló gbé owó fún ACEGID, sẹ́ńtà tó ń ka jíìnì àwọn kòkòrò àrùn (ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tó ń sọ irú kòkòrò tó jẹ́) ní Yunifásítì Redeemer's, l'Ẹ́dẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Kò sí orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lówó láti ní ojúlówó lábù fún gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, ni wọ́n bá pín in. Togo mú ti adìyẹ, ó wà ní Yunifásítì Lomé, Benin mú mathimátíìkì, FUNAAB l'Abẹ́òkúta mú iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àyíká, OAU n'Ífẹ̀ mú ti kọ̀ǹpútà. Sẹ́ńtà 19 ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní orílẹ̀-èdè 7, owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 150 dọ́là. Gambia ò ní sẹ́ńtà kankan o, àmọ́ òun náà gba owó tó máa fi rán àwọn ọmọ ẹ̀ lọ kàwé lọ́dọ̀ àwọn tó kù.

Ibi tó dùn jù ni bí owó ṣe ń jáde. Gbèsè ni púpọ̀ nínú owó yìí, ìjọba àpapọ̀ ló ń yá a tí òun náà á sì san án, yunifásítì ò ní san kọ́bọ̀ padà. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kó o lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á fún wọn ní díẹ̀ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó kù, iṣẹ́ ló máa pè é: akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ gbà, mélòó nínú wọn ló wá láti orílẹ̀-èdè míì, ìwádìí mélòó lẹ tẹ̀ jáde, èló lẹ̀yin fúnra yín rí mú wọlé, àwọn tí kì í ṣe ará sẹ́ńtà á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni kí owó tó sún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ìta wá ń mú owó wọlé ju ọmọ onílé lọ, obìnrin sì ń mú ju ọkùnrin lọ, ìyẹn ni ò jẹ́ kí sẹ́ńtà kankan lè dá jókòó sílùú ẹ̀ kó máa pe ara ẹ̀ ní ti gbogbo wa. NUC, àjọ ìjọba tó ń rí sí yunifásítì, ló ń mójú tó àwọn ti Nàìjíríà, Ẹgbẹ́ Àwọn Yunifásítì Áfíríkà tó wà ní Accra ló ń so gbogbo wọn pọ̀.

Àmọ́ irú ètò báyìí, ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń gbè. Kí ACE tó dé rárá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi tó dá ACEGID sílẹ̀ àti Pardis Sabeti ti Yunifásítì Harvard ti ń ṣiṣẹ́ lórí ibà Lassa ní ọsibítù Irrua, ìpínlẹ̀ Edo. Owó ló bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje 2014, lábù wọn wà lára àwọn tó fìdí ẹ̀ múlẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 2020, àwọn ló ka jíìnì kòkòrò Kòrónà tí wọ́n kọ́kọ́ kà ní Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ ká wo kíkà yẹn fúnra ẹ̀. Wọ́n á yọ RNA kòkòrò náà, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ jíìnì ẹ̀ sí bíi lẹ́tà, wọ́n á sọ ọ́ di DNA, irú ẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kà, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, ẹ̀rọ bíi ti ilé-iṣẹ́ Illumina á wá fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n padà. Ẹ̀rọ náà wọ́n lóòótọ́, àmọ́ kẹ́míkà tó ń jẹ lójoojúmọ́ ni wàhálà. Ìlú òyìnbó ló ti ń wá, inú òtútù tó lọ sí 20 nísàlẹ̀ òdo lọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, tó bá há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹ́pọ́ọ̀tù Èkó lọ́jọ́ mélòó kan, yìnyín á tán, owó ti wọgbó nìyẹn. Tó bá tún dé lábù láyọ̀, iná NEPA ńkọ́? Jẹ́nẹ́rétọ̀, sólà, ìnfátà, àti ẹni tó máa sùn tì wọ́n, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń ra kẹ́míkà yìí: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 dọ́là kan ò tíì pé 500 náírà ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ, kí 2024 tó parí ó ti ju 1,500 lọ. Lábù tó ń gba owó iṣẹ́ ní náírà á kàn máa wò ni.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè tó le jù nínú ètò yìí ni ta ló máa sanwó tí Báńkì Àgbáyé bá ti kẹ́rù ẹ̀. Sẹ́ńtà lè wá owó ìwádìí nílẹ̀ òkèèrè, ó lè máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́, àmọ́ olówó ilẹ̀ òkèèrè ló máa pinnu ohun tí wọ́n máa wádìí, ibà Lassa ò sì lè ká a lára tó bó ṣe ká ará Irrua lára. Ìjọba tó yá owó ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó máa fi owó kẹ́míkà àti ti iná sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, kódà lọ́dún tí kò sí àrùn kankan níta.