Kí ẹ tó ra sikánà, ẹ kọ́kọ́ tú ọ̀rá rìsíìtì yín wò

Màmá kan wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ níbí l'Adó, síméńtì, páànù àti ìṣó ni wọ́n ń tà, èmi ni mo máa ń bá wọn to ìwé owó wọn. Tí ẹ bá wọ sọ́ọ̀bù wọn ẹ ó rí nǹkan gìrìwò kan lórí tábìlì tí wọ́n fi àǹkárá bò, abọ́ ṣéńjì wà lórí ẹ̀, abẹ̀bẹ̀ wà lórí ẹ̀, àlejò á rò pé àpótí ni. Kì í ṣe àpótí o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásà ni, èyí tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe fótókọ́pì, tó tún ní sikánà lórí, ìyẹn ohun tó ń ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà, owó gidi ni wọ́n sì kó lé e torí ẹnì kan sọ fún wọn pé ayé ti dayé kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa kó rìsíìtì sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tàn án lórí íńfátà, íńfátà ké pẹ̀ẹ̀ẹ̀, gbogbo sọ́ọ̀bù ṣókùnkùn. Bó ṣe di ohun tí wọ́n ń daṣọ bò nìyẹn.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà wọ́n ò burú, ẹ̀rọ yẹn ni kì í ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe irú ẹ̀, wọ́n á ra irinṣẹ́ tán kí wọ́n tó wo iṣẹ́. Tí oníbàárà tuntun bá wá bá mi pé sikánà wo lòun ó rà, èmi ò kì í béèrè iye tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, mo máa ń ní kó da ọ̀rá rìsíìtì ẹ̀ sílẹ̀ kí n rí i. Irú bébà tó bá já bọ́ níbẹ̀, àti irú iná tó wà ní sọ́ọ̀bù ẹ̀, òun ló máa sọ ohun tó máa rà.

Èyí tó máa ń pọ̀ jù báyìí ni bébà POS, irú ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé epo àti sùpámákẹ́ẹ̀tì ń fúnni. Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa bébà yẹn: kò sí íǹkì nínú ẹ̀ rárá. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ra ara bébà yẹn, orí ẹ̀rọ ló ń gbóná níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, ibẹ̀ á wá dúdú. Ẹ fi èékánná ha á kíákíá, ẹ ó rí ilà dúdú, ooru tí èékánná yín mú wá ló kọ ìyẹn. Ooru tó kọ ọ́ yẹn náà ló máa bà á jẹ́. Ẹ fi í síwájú mọ́tò lọ́sàn-án oṣù Èrèlé, kí ẹ tó jáde ní báǹkì ó lè ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ wá tọ́jú ẹ̀ sínú ọ̀rá tàbí ike, ó lè máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa funfun báláú, òróró ń bà á jẹ́, sànítáísà ń bà á jẹ́, sẹ́lótéèpù tí ẹ lẹ̀ mọ́ orí nọ́ńbà kó má baà ya náà ń bà á jẹ́. Torí náà tí bébà POS bá pọ̀ nínú tiyín, ohun tó ṣe pàtàkì kọ́ ni ẹ̀rọ tó dáa jù, kí ẹ tètè gbé àwòrán ẹ̀ ni, lọ́jọ́ náà gan-an, ká tó ti sọ́ọ̀bù. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe ìyẹn.

Kò sí àsọdùn nínú ẹ̀. Ẹni tí rìsíìtì ẹ̀ ò ju ogún, ọgbọ̀n lọ lójúmọ́ ò nílò sikánà. Tó bá jẹ́ Android lẹ ń lò, Google Drive ní ibi ìyàwòrán ìwé nínú ara ẹ̀, á gé etí bébà kúrò, á sọ ọ́ di PDF, irú fáìlì ìwé kan. Lórí iPhone ẹ ó rí irú ẹ̀ nínú Notes. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kì í sábà jẹ́ fóònù, ojú kámẹ́rà tó kún fún òróró ọwọ́ ni, ẹ fi etí aṣọ nù ún. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ẹ má dúró sábẹ́ gílóòbù torí òjìji orí yín ló máa bo iye owó. Kí ẹ sì tẹ́ rìsíìtì sórí nǹkan tó dúdú, torí ápù ò kì í rí etí bébà funfun lórí tábìlì funfun. Màmá tí mo ń sọ yìí, ẹ̀yìn tíréè dúdú ni wọ́n ń lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi WhatsApp ṣe ilé ìkẹ́rù. Tí ẹ bá fi rìsíìtì ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀ kí dátà má baà lọ jù, nọ́ńbà kéékèèké á wá rú, 3 á dà bí 8. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ gba ibẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, kò ní fọwọ́ kàn án.

Irú bébà kejì ni ti inú búùkù, tí wọ́n fọwọ́ kọ, tí wọ́n fún yín ní èyí tí kábọ́ọ̀nù tẹ̀, tó máa ń pọ́n tàbí kó ní àwọ̀ píńkì. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ṣe torí ápù àti sikánà máa ń ní ibì kan tí wọ́n ti ń ní kẹ́ ẹ mú "black and white" kí fáìlì lè kéré. Ẹ má mú un. Gbogbo ohun tí ò dúdú tán tí ò sì funfun tán ló máa sọ di funfun pátápátá tàbí dúdú pátápátá, ìlà kábọ́ọ̀nù tí ò tẹ̀ dáadáa á kàn pòórá ni. Ẹ fi sí aláwọ̀ (color) tàbí eérú (grayscale), ní 300 dpi, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kan. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé 4800 dpi ni sikánà tòun, ẹ bá a yọ̀, 300 tó fún rìsíìtì. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí 600 fáìlì á wúwo gan-an, torí ẹ̀ẹ̀mẹrin iye àmì tó wà ní 300 ló máa wà níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ìwé tí ò hàn wá hàn.

Ó kù èyí tó jẹ́ A4, ínfọ́ìsì àti ìwé báǹkì. Ọ́fíìsì tí irú ẹ̀ pọ̀ sí, bíi iléèwé àdáni tàbí ilé oògùn ńlá, ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀ sikánà. Èyí tó ń gbé bébà wọlé fúnra ẹ̀ yára lóòótọ́, àmọ́ A4 ni ẹnu ẹ̀ ń retí, tẹ́ ẹ bá ki bébà POS tó ti ká bí ewé gbígbẹ sí i ó máa há, tí pín-ìnnì bá tún wà nínú ẹ̀ ẹ ti rán ara yín níṣẹ́ nìyẹn. Èmi fẹ́ràn onígíláàsì fún sọ́ọ̀bù kékeré, ẹ to rìsíìtì mẹ́fà, méje sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa á dé. Àwọn kan wà, bíi Canon LiDE, tí kò ní wáyà iná tiẹ̀ rárá, ara látóòpù ló ti ń fa iná nípasẹ̀ USB, tí iná ọba bá lọ iṣẹ́ ń lọ. Ní ibi tá à ń gbé yìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò lára páálí nìyẹn, dpi ò ṣe pàtàkì tó o.

Ọ̀rọ̀ iná ló gbé mi padà sórí lásà màmá. Páúdà ni lásà fi ń kọ̀wé, ohun kan sì gbọ́dọ̀ gbóná janjan nínú ẹ̀ kó tó lè yọ́ páúdà yẹn mọ́ bébà, nígbà tó bá ń gbóná, iná tó ń fà sún mọ́ ti áyọ́ọ̀nù. Ṣé ẹ lè lọ aṣọ lórí íńfátà kékeré? Ẹ ò lè ṣe é. Èyí tí wọ́n ń da íǹkì sí látinú ìgò, bíi Epson EcoTank, iná díẹ̀ ló ń jẹ, sikánà onígíláàsì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Àléébù tiẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá pa á tì, íǹkì máa gbẹ sí i lẹ́nu, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ máa tẹ ojú ìwé aláwọ̀ kan ó kéré tán lọ́sẹ̀. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ tó sì ń tẹ̀wé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lásà ló bá ìyẹn mu, páúdà ò kì í gbẹ.

Látóòpù, n ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Tókùnbọ̀ tó ní SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ tó yára, àti RAM (mẹ́mórì) 8 GB ti tó, àmọ́ ẹ bi wọ́n bóyá ó ń gbé Windows 11, torí Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn Windows 10 láti October 14, 2025, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú ni kò lè gbé tuntun yẹn. Kí ẹ sì yọ ṣájà ẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ wo bí bátìrì ṣe pẹ́ tó.

Ibi tí èèyàn ti ń sọnù jù ni orúkọ fáìlì. Ẹ fi ọdún síwájú, oṣù, ọjọ́, kẹ́ ẹ tó kọ ọjà àti iye, bíi 2026-02-14 simenti 21500, kọ̀ǹpútà á to wọn bó ṣe yẹ fúnra ẹ̀. Kí gbogbo yín ní sọ́ọ̀bù sì fẹnu kò lórí bẹ́ ẹ ó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀. Mo ní oníbàárà kan ní Ìkọ̀lé tó ń ta èlùbọ́, òun fúnra ẹ̀ ń kọ "usu" bá a ṣe ń pè é l'Ékìtì, ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó wá láti Ìbàdàn ń kọ "isu", nígbà tá a wá gbogbo ohun tí wọ́n ná lórí iṣu lọ́dún yẹn, ìdajì ẹ̀ ò jáde. A fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀sùn olè kan ọmọ ọlọ́mọ.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá fún fáìlì, ẹ fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn bébà, ẹ tún kọ ọ́ sí ìlà tiẹ̀ nínú Excel tàbí Google Sheets, níbi tí ọjọ́, orúkọ ẹni, ọjà, owó tó wọlé, owó tó jáde wà. Tí VAT, ìyẹn owó orí ọjà, bá wà lórí rìsíìtì, ẹ fún un ní àyè tiẹ̀: nínú 21,500 yẹn, 20,000 ni ọjà, 1,500 ni VAT, 7.5% ni. Àwọn ápù tó ń ka rìsíìtì fúnra wọn dáa fún ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀, àmọ́ ti ọwọ́ ń dà wọ́n láàmú, ẹ fojú yín ka àpapọ̀ owó.

Ní ti ibi ìpamọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní àwòrán kan jẹ́ ìdajì MB, ogún lójúmọ́ jẹ́ 10 MB, ọjọ́ 300 lọ́dún jẹ́ 3 GB. 15 GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ á tó ọdún márùn-ún, tí Gmail àti fọ́tò ìkómọ ò bá ti jẹ nínú ẹ̀. Òfin kọ́ńpínì, CAMA 2020, wá ní kí kọ́ńpínì tọ́jú ìwé owó ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Nítorí náà ẹ ra háàdì-dísìkì kan kún un, ilé ni kẹ́ ẹ gbé ìyẹn sí, kò gbọdọ̀ sùn ní sọ́ọ̀bù. Fláàṣì kọ́ o, fláàṣì ń sọnù bí abẹ́rẹ́. Ẹ má tíì da bébà nù pẹ̀lú, torí Òfin Ẹ̀rí 2011, abala 84, gba ohun tó jáde látinú kọ̀ǹpútà ní kóòtù lóòótọ́ àmọ́ ó to ohun tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó gbà á.

Ẹni tí ọ̀rá àtijọ́ wà lọ́rùn ẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ti òní ni kó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa padà sẹ́yìn lóṣùloṣù. Ti màmá, nígbà tá a dé oṣù keje sẹ́yìn, bébà ti ń funfun, wọ́n dì í mú sójú oòrùn, wọ́n ní, "Bọ̀dá Àkáǹtì, ṣé ojú mi ni àbí kò sí nǹkan kan níbí?" Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A gba sítétímẹ́ǹtì ní báǹkì fún èyí tí wọ́n fi tíránsífà san, fún ti owó ọwọ́, wọ́n wọ mọ́tò lọ bá oníṣòwò tó ń kó páànù fún wọn l'Ákùúrẹ́, ẹni yẹn ní búùkù tiẹ̀ níbi tí ẹ̀dà wà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tíréè dúdú tí wọ́n gbé dání láti ilé, wọ́n ń yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà.