Omi kọ́ ni epo: ohun tí ewé lè ṣe lórí háídírójìn, àti ohun tí agbára rẹ̀ kò ká

Ẹni tó bá ń dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, á ti gbọ́ ọ rí: òyìnbó ti fi ewé sọ omi di epo, nítorí náà ẹni tó bá bu omi odò Ọ̀pá tó ti láwọ̀ ewé sínú kẹ́ẹ̀gì, tó gbé e sóòrùn, á rí háídírójìn, gáàsì tí yóò gbé jẹnẹrétọ̀. Òótọ́ díẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló mú kí irọ́ náà rọrùn láti gbà.

Eérú háídírójìn ni omi. Ó ti jóná tán. Ká tó rí kílò 1 háídírójìn, a ó tú kílò 9 omi ká, kílò 8 níbẹ̀ á di ọ́síjìn, iṣẹ́ náà á sì gba ó kéré tán yúnìtì iná 39. Bí a bá sun ún padà, kò lè mú ju iye yẹn wá. Oòrùn ló ń san gbèsè náà. Òun gan-an ni epo.

Purotéènì méjì ló ń ṣiṣẹ́ yìí nínú ewé. Photosystem II ń tú omi ká, Photosystem I sì ń fi ìmọ́lẹ̀ ta ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, hóró kíkéré tó ń gbé iná, sókè. Ní 1985, Elias Greenbaum ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí a bá fi irin pilatínọ̀mù sára awọ inú ewé tó ní méjèèjì, tí a yọ láti inú ẹ̀fọ́ spinach, háídírójìn á jáde. Bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ nìyí: wọ́n á lọ ewé nínú omi tútù tó ní iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ centrifuge yí i, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn ní nǹkan bíi 4 °C. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìdánwò tó lo Photosystem I nìkan, ascorbate, ìbátan fítámì C, ló ń pèsè ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, kì í ṣe omi. Bó bá ti tán, gáàsì dá nìyẹn. Ìròyìn kì í sábà sọ èyí.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ Photosystem II náà ló ń bà á jẹ́. Ewé tó wà láàyè ń pààrọ̀ apá tó bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Èyí tó wà nínú ife kò lẹ́ni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Bí ooru bá ti kọjá 40 °C, ó ń tú. Ti omi Ọ̀pá tiẹ̀ tún yàtọ̀: àwọn kan nínú ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi lè ṣe háídírójìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí àwọn fúnra wọn ń tú jáde ló ń pa ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń ṣe é. Ìfófòó tí ẹ ń rí lára wọn lọ́sàn-án, ọ́síjìn ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ fojú àánú ṣírò rẹ̀. Ká ní mítà kan níbùú lóòró ń gba yúnìtì 4.5 agbára oòrùn lójúmọ́, tí ìdá 1 nínú 100 sì di háídírójìn: gbogbo agbára rẹ̀ kò ju ti ṣíbí ìmutíì kan epo bẹntiróòlù lọ. Páànẹ́lì sólà tó wà lọ́jà ń mú nǹkan bí ìdá 20 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ fi oòrùn ṣe háídírójìn lónìí, páànẹ́lì àti ẹ̀rọ tó ń fi iná tú omi ká ni kó rà, kó sì ya páìpù gáàsì méjèèjì sọ́tọ̀. Háídírójìn tó bá ti pé ìdá 4 sí 75 nínú 100 nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná, ojú kì í sì í fẹ́ẹ̀ rí ọwọ́ iná rẹ̀ lọ́sàn-án.