Ọwọ́ fún ẹgbẹ́, ojú fún ẹ̀kọ́: bí iṣẹ́ pápá akẹ́kọ̀ọ́ sosiọ́lọ́jì ṣe ń lọ

Bí ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé ni sosiọ́lọ́jì ń wò, ìyẹn kò sì ṣeé rí tán nínú kíláàsì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àdúgbò: àwọn tó ń bá aláìnílé wá ibùgbé, àwọn tó ń gbèjà ayálégbé, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, máàkì á sì wà fún un.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní 1889, Jane Addams àti Ellen Gates Starr ṣí Hull House, ilé ìrànlọ́wọ́ àdúgbò kan, ní Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ń ran aládùúgbò lọ́wọ́, wọ́n sì tún ya máàpù tó fi hàn ibi tí ará ilé kọ̀ọ̀kan ti wá àti iye tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀. Ní 1896, W. E. B. Du Bois, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì, kó lọ sí àdúgbò Seventh Ward ní Philadelphia, ó sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹni mẹ́ta ló ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ rẹ̀, àti alábòójútó nínú ẹgbẹ́. Wákàtí iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀, àti ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ké sí bí wàhálà bá dé. Ibi tó sábà máa ń mẹ́hẹ ni ìlà tó yẹ kó sọ iṣẹ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá kọ “yóò máa ràn wá lọ́wọ́” síbẹ̀, àga ni akẹ́kọ̀ọ́ máa tò títí sáà á fi parí. (Kì í ṣe pé àga títò kò wúlò o. Ẹni tó tò ó ló máa mọ ẹni tó wọ́ tirẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.)

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tó ń la ojú náà ni àkọsílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló sì yẹ kó di kíkọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ọkàn ti tún ọ̀rọ̀ tò. Wọ́n máa ń ya ohun tí ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn rò. “Inú ń bí obìnrin náà” jẹ́ èrò. “Ó dìde lẹ́ẹ̀mejì, ó wo aago, ó tún jókòó” ni ohun tí ojú rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan náà lọ, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìwé kan ṣoṣo, á wá mọ ìdí tí Max Weber, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ará Jámánì, fi dààmú lórí ìṣàkóso tó ń fi òfin àti fáìlì ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ló le jù. Bí ọ̀gá ẹgbẹ́ bá gbà, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé àwọn tó ń wá gba oúnjẹ níbẹ̀ gbà. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì tún bi oníkálukú léèrè. Síbẹ̀, ta ni ebi ń pa tó máa rọrùn fún láti sọ pé rárá fún ẹni tó gbé abọ́ lọ́wọ́? Yíyí orúkọ padà nìkan kò tó pẹ̀lú: bí wọ́n bá kọ “télọ̀ tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo”, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ náà ń fi nǹkan sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀ ló ń kọ́ àlejò níṣẹ́, ìgbà tí àlejò bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni sáà ń parí. Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan kì í gba ẹni tí kò bá lè lo sáà méjì. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pàápàá níbi tí ọmọdé bá wà.

Ìjábọ̀ méjì ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó gùn, tó kún fún àbá àwọn onímọ̀, ń lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Ẹgbẹ́ kò ní àyè fún ìyẹn. Ojú ewé méjì tó sọ iye ènìyàn tó padà lẹ́nu ọ̀nà, àti ohun tó dá wọn padà, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì.