Báwo ni Gbági ṣe di 23 11 22 25?

Àbúrò mi kan tó ń lọ sí lẹ́sọ́ọ̀nù ní Mọ́kọ́lá ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kọ 23 11 22 25 síbẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn máa pàdé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé bóyá nọ́ńbà ni, kò lọ. Àwọn ìbéèrè ẹ̀ rèé.

Bọ̀ọ̀dá, kí lèyí?

Gbági ni. Mú bírò, ya àpótí tó ní ìlà márùn-ún, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ilé márùn-ún (ilé bíi tọpọ́n ayò ni mò ń sọ o), kó o wá to a, b, d sínú ẹ̀ títí á fi kún:

1: a b d e ẹ
2: f g gb h i
3: j k l m n
4: o ọ p r s
5: ṣ t u w y

Nọ́ńbà ìlà lo máa kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ipò tí lẹ́tà wà lórí ìlà yẹn. gb wà ní ìlà kejì, òun ló ṣe ìkẹta, 23 nìyẹn. a jẹ́ 11, g 22, i 25. Tó o bá fẹ́ kà á padà, méjì méjì ni kó o máa mú nọ́ńbà. Àmọ́ bóyá Gbági tuntun ni àbí ti àtijọ́, àpótí ò lè sọ ìyẹn fún ẹ.

Ta ló ronú ẹ̀?

Àwọn Gíríìkì. Polybius, òpìtàn wọn kan tí wọ́n bí ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú Jésù, ló kọ ọ́ sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ sọ pé Cleoxenus àti Democleitus ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun kàn tún un ṣe ni. Iná ògùṣọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lóru. Ká ní èèyàn dúró sórí òkè Màpó, ó gbé ògùṣọ̀ méjì sókè lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, ẹni tó ń wò ó láti Òkè Àrẹ̀ á kọ gb sílẹ̀. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n tì mọ́lé ní Vietnam náà lò ó, wọ́n ń fọwọ́ gbá ògiri kó lè dé etí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Ṣé gbogbo èdè ló wọ ilé 25?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Lẹ́tà òyìnbó jẹ́ 26, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ti i àti j sínú ilé kan, àwọn ti Vietnam yẹn ní tiwọn yọ k kúrò, c ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ti Gíríìkì jẹ́ 24, ilé kan ṣófo. Tiwa? 25 gẹ́ẹ́! Bí aṣọ tí télọ̀ wọn fúnni, tó o bá ṣáà ti ka gb sí ẹyọ kan. Wàhálà ibẹ̀ ni àmì ohùn, torí 42 32 42 lè jẹ́ ọkọ, ọkọ́, tàbí ọkọ̀, ìwọ lo máa fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ èyí tó jẹ́.

Ṣé tíṣà ò lè tú u báyìí?

Á tú u. Lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan nígbà gbogbo, àti pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í sábà parí sí nǹkan míì ju fáwẹ̀lì tàbí n lọ, nọ́ńbà ìparí á tú àṣírí ẹ. Tó o bá fi Dùgbẹ̀ ṣáájú nínú àpótí (d u gb ẹ, kí ìyókù tẹ̀ lé e), Ìbàdàn á kúrò ní 25 12 11 13 11 35, á di 31 21 15 11 15 41, àmọ́ wò ó, 15 ṣì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ajìjàgbara kan ní Rọ́ṣíà láyé àwọn ọba wọn ń ṣe ìròpọ̀ ni: padà sí àpótí àkọ́kọ́, Dùgbẹ̀ jẹ́ 13 53 23 15, rò ó mọ́ Ìbàdàn, tó bá tán kó o tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wàá rí 38 65 34 28 24 88. a méjèèjì ti yàtọ̀ síra wọn báyìí, 34 àti 24. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á ṣì tú u o, má fi kọ pásíwọ́ọ̀dù báńkì.

Kí ni kí n fi dá a lóhùn?

34 41 35 12 42. Tú u fúnra ẹ.