Ṣé àìsàn Kristẹni ni ẹ̀rí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó?

Inú agolo mílíìkì tí ó ti ṣófo ni màmá àgbà kan nínú ìjọ wa ń kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí, tí ó sì ń bu gààrì lé e lórí, kí àwọn alàgbà tí wọ́n bá wá kí i má baà rí i. Ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ni ó tó tú àṣírí náà fún mi. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ó ti ń fi oògùn ọ̀sẹ̀ kan lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí olùkọ́ kan sọ níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì pé ọmọ Ọlọ́run tí ó bá gbé oògùn mì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Olúwa kò lè wo òun sàn. Ohun tí ó dun màmá jù kì í ṣe orí tí ń fọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n wá gbàdúrà fún un ni wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, “Màmá, ṣé ẹ ti yẹ ọkàn yín wò? Ṣé kò sí nǹkan kan tí ẹ kò tíì jẹ́wọ́?”

Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí ìbéèrè yẹn ti gbilẹ̀ láàárín wa. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni kí Kristẹni máa wà ní ìlera nígbà gbogbo, pé bí àìsàn bá wá, ẹ̀ṣẹ̀ tàbí àìnígbàgbọ́ ni ó ṣílẹ̀kùn fún un, àti pé ẹni tí ó bá lọ sí ọsibítù ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀ gba ènìyàn mú. Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn, mo sì ń gbàdúrà fún aláìsàn títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí kò ní ìdí nínú Ìwé Mímọ́, àwọn tí ara wọn kò yá ni ó sì ń ṣe léṣe jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo orí kẹsàn-án Ìhìnrere Jòhánù dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú Jésù gan-an. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe fún un nínú wọn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, ọkùnrin yìí ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù dáhùn pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀, bí kò ṣe kí a lè fi iṣẹ́ Ọlọ́run hàn lára rẹ̀. Kò sọ pé ọkùnrin náà kò dẹ́ṣẹ̀ rí láyé. Ohun tí ó sọ ni pé ojú tí ó fọ́ kọ́ ni a fi ń mọ ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tutọ́ sílẹ̀, ó po amọ̀, ó fi pa ojú ọkùnrin náà, ó sì ní kí ó lọ wẹ̀ ní adágún Sílóámù. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń fi orí yìí wàásù kì í kà á débi tí àwọn Farisí ti dá ọkùnrin náà lóhùn ní ẹsẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n pé inú ẹ̀ṣẹ̀ ni a bí i sí pátápátá, tí wọ́n sì tì í síta. Ìrònú kan náà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fi ṣe ìbéèrè ni àwọn Farisí fi lé e jáde nínú sínágọ́gù. Jésù gbọ́ pé wọ́n ti lé e, ó sì wá a rí.

Ìbéèrè àwọn ọmọ ẹ̀yìn yẹn kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá rárá. Bí ọmọ bá ṣàìsàn nílé wa, “Kí ni ó ń ṣe é?” kọ́ ni ó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa, “Ta ni ó ṣe é?” ni. Àwọn àgbà wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Nígbà tí a di onígbàgbọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa gbé ìbéèrè náà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì láìpa á dà. A kàn yí ẹni tí à ń fẹ̀sùn kàn padà ni. Tẹ́lẹ̀, àǹtí ilé kejì tàbí orogún ìyá ni à ń nàka sí. Nísinsìnyí aláìsàn fúnra rẹ̀ ni. Bí mo bá rò ó dáadáa, èyí burú ju ti àtijọ́ lọ, nítorí nígbà yẹn, aláìsàn ni gbogbo ilé ń gbè lẹ́yìn.

Èmi kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àti àìsàn kì í pàdé. Jésù sọ fún ọkùnrin tí ó wò sàn ní orí karùn-ún Jòhánù pé kí ó má ṣe dẹ́ṣẹ̀ mọ́, kí ohun tí ó burú jù má baà bá a, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di aláìlera nítorí bí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Ẹni tí ó fi ọtí ba ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ náà mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tí Bíbélì kọ̀ fún wa ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àìsàn, kí a wá ṣírò padà sẹ́yìn dé orí ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò mọ̀. Iṣẹ́ tí Élífásì, Bílídádì àti Sófárì ṣe lórí Jóòbù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ wọn gún régé, ó kún fún orúkọ Ọlọ́run, síbẹ̀ nígbà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní orí kejìlélógójì, àwọn ni ó bínú sí, Jóòbù tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ni ó sì ní kí ó gbàdúrà fún wọn.

Ti “ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó” ńkọ́? Jákọ́bù orí karùn-ún ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, àdúrà ìgbàgbọ́ yóò gba aláìsàn là. Ẹ tún un kà, kí ẹ wo ẹni tí ń gbàdúrà níbẹ̀. Aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà. Àwọn alàgbà ni ó gbàdúrà, tí wọ́n sì fi òróró kùn ún. Bí ìgbàgbọ́ bá máa dín níbẹ̀, ti ta ni? Nígbà tí ọkùnrin mẹ́rin dá òrùlé lu láti sọ arọ kan kalẹ̀ ní Kapernáúmù, Máàkù sọ pé Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn kò lè wo ọmọ oníwárápá sàn ní Mátíù orí kẹtàdínlógún, tí wọ́n sì béèrè ìdí rẹ̀, nítorí àìgbàgbọ́ yín ni, ni Jésù wí fún wọn. Kò bá ọmọ náà wí. Wọ́n á ní Násárétì ńkọ́, níbi tí kò ti lè ṣe iṣẹ́ agbára nítorí àìgbàgbọ́ wọn? Àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bá wí. Máàkù kò sì gbàgbé láti fi kún un pé ó gbé ọwọ́ lé àwọn aláìsàn díẹ̀ níbẹ̀, ó sì mú wọn láradá.

Ibo wá ni a ti rí i pé oògùn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn rẹ̀ kò ṣòro láti tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn ìfúlúẹ́ńsà tí ń jà káàkiri ayé bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi dé àwọn ìlú tó kù. Àwọn dókítà ìgbà náà kò ní oògùn kankan tí ó ká a, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn gidi fún òtútù àyà tí ń tẹ̀lé e. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà díẹ̀, tí Joseph Ṣàdárè wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ fún àdúrà, wọ́n sì pe ẹgbẹ́ wọn ní Òkúta Iyebíye. Sophia Ọdúnlámì tí ó jẹ́ olùkọ́ wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ni pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn rárá. Ní ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì wá fún ìwòsàn. Ní ọdún 1931, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì kí ibà má baà pa wọ́n. Lórí kuníìnì yìí pẹ̀lú àwọn ọ̀ràn mìíràn ni wọ́n fi pínyà ní nǹkan bí ọdún 1940, tí apá kan sì di Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí a mọ̀ sí CAC.

Mo lóye àwọn baba wọ̀nyẹn. Ìgbà tí ọsibítù kò ní nǹkan kan láti fún wọn ni wọ́n ké pe Ọlọ́run, ó sì dá wọn lóhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ohun tí ó jẹ́ igbe ẹni tí kò ní ibòmíràn láti sá sí wá di òfin fún ẹni tí ó ní. Ẹ rántí pé àwọn onígbàgbọ́ náà ni wọ́n dá ọsibítù sílẹ̀ ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1895, tí àwọn Onítẹ̀bọmi sì bẹ̀rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1907, àdúrà ni wọ́n sì fi ń ṣí iṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tí ó kórìíra oògùn fẹ́ràn Ọba Ásà, tí Kíróníkà Kejì orí kẹrìndínlógún sọ nípa rẹ̀ pé nínú àìsàn rẹ̀ kò wá Olúwa bí kò ṣe àwọn oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo níbẹ̀ ni pé kò wá Olúwa. Nínú orí kan náà ni ó ti sọ wòlíì tí ó bá a wí sẹ́wọ̀n. Nígbà tí Hesekáyà ṣàìsàn, tí ó gbàdúrà, tí Ọlọ́run sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ ayé rẹ̀, Àìsáyà tí ó mú ìlérí náà wá kan náà ni ó ní kí wọ́n fi ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo tí ó wà lára rẹ̀. Ìlérí àti oògùn ti ẹnu wòlíì kan náà jáde. Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́, ó sì ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbà gbogbo. Kò kọ̀wé sí i pé kí ó lọ gbààwẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń pa ènìyàn jù lójú mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Ẹni tí ó dá oògùn rẹ̀ dúró lè jí lọ́la, kí ara rẹ̀ yá gágá, kí ó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti gba ìwòsàn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí apá kan ara yóò rọ. Bí Ọlọ́run bá ti wo ènìyàn sàn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ yóò sọ bẹ́ẹ̀. Jésù pàápàá rán àwọn adẹ́tẹ̀ tí ó wẹ̀ mọ́ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kí wọ́n lọ fi ara wọn hàn, nítorí àlùfáà ni ó ń yẹ ẹ̀tẹ̀ wò nígbà náà.

“Nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa láradá” ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, orí àgbélébùú ni ìwòsàn wa ti wá, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ wa. Gbogbo ẹni tí Jésù wò sàn ni ó padà kú, títí kan Lásárù. Pọ́ọ̀lù sọ ní Róòmù orí kẹjọ pé àwa tí a ní àkọ́so Ẹ̀mí náà ń kérora nínú ara wa, à ń retí ìràpadà ara wa. Òun tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú láti ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn ní Éfésù ni ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀gún kan kúrò lára rẹ̀, èsì tí ó gbà sì ni pé, “Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ.” Nígbà tí ó ń kọ ìwé kejì sí Tímótì, ó fi gbólóhùn kan péré sí i pé, Tírófímù ni mo fi sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Kò fi ẹ̀sùn kankan tì í.

Àṣìṣe kan tún wà ní òdìkejì tí kò yẹ kí a fojú fò. Bí òkú bá sùn, kíá ni a máa ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Nígbà mìíràn, ohun tí ó pa olóògbé ni kànga tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá, tí onígbáméjì fi wọlé. Tàbí aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí kò sí mọ́tò tí yóò gbé e. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nígbà tí ọdún 1960 kò tíì pé, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tí ó wá láti ọsibítù àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún: wọ́n ń wọn ìwọ̀n ara wọn, wọ́n ń kọ́ ìyá ní oúnjẹ, wọ́n ń dènà ibà. Ikú ọmọdé dín kù níbẹ̀ lọ́nà tí ó hàn gbangba. Bí ikú àwọn ọmọ yẹn bá jẹ́ ìfẹ́ Ọlọ́run pátápátá, a jẹ́ pé ìfẹ́ Ọlọ́run ni ìwọ̀n àti oúnjẹ borí, èyí tí kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọlọ́run lè gba ohun kan láyè kí ó má sì fẹ́ ẹ. Jésù sunkún níbi ibojì Lásárù. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn sí ikú kì í sunkún bẹ́ẹ̀.

Ìwé Fílípì orí kejì ni mo kà fún màmá ní ọjọ́ tí ó fi agolo rẹ̀ hàn mí, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń dá Ẹpafiróditù padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ṣàìsàn títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú, Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì ní kí wọ́n fi ayọ̀ gbà á, kí wọ́n máa bu ọlá fún irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Màmá ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo kà á tán, kò sọ nǹkan kan. Ó da gààrì náà sínú abọ́, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu oògùn náà ní páálí páálí, ó sì lo ti ọjọ́ náà. Nígbà tí àwọn alàgbà dé ní ìrọ̀lẹ́, orí tábìlì ni agolo náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì rẹ̀.