Ta Ló Kọ́ Obìnrin Pé Òun Kò Rẹwà?

Ìbéèrè: Àwọn tó fẹ́ràn mi ń sọ pé mo rẹwà, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé iwájú dígí, àléébù nìkan ni mò ń rí. Ṣé ojú mi ni kò ríran dáadáa ni?

Ìdáhùn: Ojú yín ríran. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ti kọ́ láti kékeré ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọmọ ọwọ́ tó kórìíra imú ara rẹ̀. Ọmọdébìnrin á gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń ráhùn nípa ikùn ara rẹ̀, á rí i pé ẹ̀gbọ́n òun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ yìn. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ó gbà á bí ọmọ ṣe ń gba èdè.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe bí a ṣe dá obìnrin nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ wo Fíjì, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, níbi tí wọ́n ti ń ka ara tó sanra sí ẹwà tẹ́lẹ̀. Ní 1995 ni tẹlifíṣọ̀n dé agbègbè Nadroga. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Anne Becker, fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu wò lọ́dún náà, ó sì fọ̀rọ̀ wá àwọn mìíràn lẹ́nu wò ní 1998. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ọ̀kan tó sọ pé òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun lè rí tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá 74 sì sọ pé nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe àwọn bíi pé àwọn ti tóbi jù. Ìlú náà ń yí padà lọ́nà mìíràn pẹ̀lú, lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà fẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ dà bí àwọn tí àwọn ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó dùn mí gan-an, torí ọdún mẹ́ta péré ni.

Ìbéèrè: Ta ni kò fẹ́ rẹwà? Kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Àníyàn nípa ìrísí máa ń gbé ọkàn tó yẹ kó wà níbi iṣẹ́ lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1998 ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò, àwọn kan nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn kan nínú súwẹ́tà. Olúkúlùkù dá wà nínú yàrá, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Síbẹ̀, àwọn obìnrin tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kò ṣe dáadáa tó àwọn tó wọ súwẹ́tà. Aṣọ kò yí ti àwọn ọkùnrin padà.

Ìbéèrè: Ṣé a lè tún ojú kọ́?

Ìdáhùn: A lè ṣe é, ṣùgbọ́n kò yá. Ẹ yọ àwọn tó ń bà yín lọ́kàn jẹ́ kúrò lórí fóònù yín. Bí ẹ bá sì ní ọmọbìnrin nílé, ẹ má ṣe bú ara yín lójú rẹ̀.